Abẹ́rẹ́ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá aláró kan ní Òṣogbo

Ìyá tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ òun, tí n kò sì dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan nílùú Òṣogbo, ọwọ́ mi sì ni gbogbo ìwé inú ọ̀ràn náà gbà kọjá, láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ títí dé orí ìwé àdéhùn. Nígbà tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn, ẹni tó jẹ̀bi ni gbogbo wa máa ń wá. Owó tí a ó fi tún ara ẹni tó fara pa ṣe ńkọ́? Òfin ti ní kí owó náà wà nílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́. Àwa la kì í béèrè rẹ̀.

Aláró ni ìyá náà. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú agboolé tí ìyá tó bí i ti ń rẹ aró kí iṣẹ́ tó kàn án. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fi ń yangàn, ṣùgbọ́n káámpálà ló fi ń jẹun, nítorí òun ni àwọn oníbàárà Èkó àti Ìbàdàn ń kó ní ìdì-ìdì. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ aró rí lè rò pé yíya ọnà sára aṣọ ni gbogbo rẹ̀. Fífún aṣọ ni iṣẹ́ náà gan-an. Aṣọ tó ti mu aró wúwo. O ó nawọ́ sínú ìkòkò, o ó fà á sókè, o ó lọ́ ọ, o ó fún un, o ó gbọ̀n ọ́n kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i kí aró sì mú, lẹ́yìn náà o ó tún rì í padà. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣe gbogbo ìyẹn.

Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ọdún Ọ̀ṣun kò ní pẹ́ wọlé, iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ara ń ro ìyá, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì gba ilé ìwòsàn aládàáni kan lọ lálẹ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ oògùn ibà àti abẹ́rẹ́ ìrora fún un, ó sì kọjá sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ló wá gún un. Ìyá ti ń múra láti dojú bolẹ̀ kí wọ́n gún un ní ìdí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ọmọ náà ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, kí wọ́n ká apá bùbá sókè. Apá ọ̀tún ló gún, lápá ẹ̀yìn, níbi tí ó kù díẹ̀ kó dé àárín èjìká sí ìgúnpá.

Ìyá ní bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé báyìí ni iná gbé òun láti apá títí dé àtàǹpàkò. Ó lọgun. Ọmọ náà dá a lóhùn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà, oògùn yẹn ló máa ń ta báyẹn." Ó sì fi gbogbo rẹ̀ sínú.

Gbólóhùn kékeré yìí ni a tẹnu mọ́ jù nígbà tó yá. Bí ẹni tí à ń gún bá ké pé nǹkan ta òun gba gbogbo apá lọ, ohun tí wọ́n ń kọ́ nọ́ọ̀sì ni pé kó dúró, kó fa abẹ́rẹ́ yọ, nítorí ó ṣeé ṣe kó ti kan iṣan tí kò yẹ kó kàn.

Nígbà tí ìyá fẹ́ ṣe àlùwàlá àsùbáà, búútà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ti sọ̀ kalẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Ó lè pa ìka dé, kò lè là á. Ó lè ká ìgúnpá, ṣùgbọ́n bó ṣe gbé apá sókè ni ọwọ́ ń fì síwájú. Ẹ̀yìn ọwọ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kò mọ nǹkan tó bá kàn án mọ́.

Iṣan kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní radial nerve. Ó gba abẹ́ apá jáde, ó yí ẹ̀yìn eegun apá ká, ó sì sọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Òun ló ń gbé ọrùn ọwọ́ dìde, òun ló sì ń la ìka. Ibi tó ti yí eegun yẹn ká, ó súnmọ́ eegun pẹ́kípẹ́kí, ẹran ibẹ̀ kò sì nípọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá máa gún èèyàn lápá, òkè pátápátá ni, níbi tí ẹran èjìká ti ki, kì í ṣe ẹ̀yìn apá níbi tó rọrùn fún ẹni tó dúró láti nawọ́ sí. Bí abẹ́rẹ́ bá gún iṣan náà, tàbí tí oògùn bá dà sí i lára, iṣan á kú láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó lè hù padà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n bíi mìlímítà kan lóòjọ́ ló fi ń hù. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ láti àárín apá títí dé ibi tí ẹran tó ń gbé ọwọ́ dìde wà: ọ̀pọ̀ oṣù ni. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, físíò, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń na ọwọ́, gbọ́dọ̀ máa lọ kí oríkèé má baà gan, ohun tí wọ́n fi ń gbé ọrùn ọwọ́ ró gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa gbé e lọ, kó máa gbé e bọ̀. Bí kò bá wá hù, iṣẹ́ abẹ ló kù. Owó ni gbogbo rẹ̀, kì í sì ṣe owó tí a lè ní kó dúró de ìdájọ́.

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Ó wá sí agboolé fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n má bínú, ó sì fi owó oògùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò gbé fóònù mọ́. Bí ọmọ ìyá bá dé ilé ìwòsàn, wọ́n á ní ọ̀gá ò sí nílé. Inú bí ẹbí ju bó ṣe bí wọn lọ́jọ́ tí ọwọ́ náà kọ́kọ́ rọ. Ẹni tó tọrọ àforíjì lánàá tó wá ń sá lónìí, kí ni wọ́n fẹ́ pè é?

Ìpàdé ẹbí ò yára parí. Àbúrò ìyá tó jẹ́ ọkùnrin ní kádàrá ni, kí wọ́n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, pé dókítà náà ló gbẹ̀bí ọmọ òun méjì, a kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. N kò fojú kéré ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nílùú tí a ti jọ ń rí ara wa lọ́jà, ní mọ́ṣáláṣí àti níbi ìnáwó, ẹni tó bá pe dókítà àdúgbò lẹ́jọ́ ń fi ohun tó pọ̀ tọrẹ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ìyá, tó jẹ́ tíṣà, dáhùn pé, "Bọ̀dá, Ọlọ́run kọ́ ló gún màmá mi lábẹ́rẹ́. Kí Ọlọ́run gba tiwọn. Ta ni yóò san owó físíò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" Ìbéèrè yẹn ló gbé wọn dé ọ́fíìsì wa.

Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe bí ó ṣe ń dùn wọ́n tó. Ó béèrè bóyá ti ìjọba ni ilé ìwòsàn náà tàbí ti aládàáni, àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún ẹni tó bá fẹ́ pe irú wọn lẹ́jọ́ ní oṣù mẹ́ta péré. Bí oṣù mẹ́ta bá fi kọjá, ilé ẹjọ́ lè má tilẹ̀ gbọ́ ẹnu rẹ̀, àfi bí ìpalára náà bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, àríyànjiyàn sì pọ̀ lórí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta, nígbà tí iṣan kò tíì hù dé ìgúnpá! Mo ti rí àwọn tó ń bẹ dókítà ìjọba, tí wọ́n ń sun ọ̀rọ̀ síwájú, tí àwọn alàgbà ń bá wọn dá sí i, títí oṣù mẹ́ta fi lọ láìsí lẹ́tà kan. Ti ìyá yìí jẹ́ ti aládàáni, kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò fi àyè sílẹ̀, lẹ́tà jáde lọ́sẹ̀ kan náà.

Nǹkan mẹ́ta ni lẹ́tà náà béèrè. A ní kí wọ́n fún wa ní ẹ̀dà fóldà ìyá. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí, sọ ọ́ di dandan fún ilé ìwòsàn láti ṣe àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì pa á mọ́, ó sì ka kíkọ irọ́ sínú rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 náà tún fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. A béèrè orúkọ ẹni tó gún abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ àwọn nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà la béèrè orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn inṣọ́ránsì, tó ń dáhùn fún ilé ìwòsàn náà bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, àti nọ́ńbà ìwé wọn. Ìbéèrè kẹta yìí kì í sábà wà nínú lẹ́tà lọ́yà. Òun ló mú ọ̀ràn náà rìn.

Fóldà dé. Ojú ìwé kan ni, àti ìdajì. Dókítà kọ ibà, ó kọ ẹ̀yìn ríro, ó kọ dáíkìlófẹ́nákì mílígíráàmù 75, abẹ́rẹ́ inú ẹran, lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí wọ́n gún un sí kò sí níbẹ̀. Aago kò sí. Níbi tó yẹ kí ẹni tó gún un kọ orúkọ, lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Ọmọbìnrin ìyá ló wá ṣe ohun tí lọ́yà kò ronú kàn. Ó lọ sí ilé ìtajà oògùn kan ní Ìgbọ̀nà, ó ra páálí oògùn kan náà, nítorí ìwé pélébé inú rẹ̀. Ìwé náà sọ ọ́ kedere pé inú ẹran ìdí ni kí wọ́n gún un sí, kí ó wọlé dáadáa, ní igun òkè lápá ìta. Kò sí apá níbẹ̀. Mílílítà mẹ́ta ni oògùn náà nínú ìgò rẹ̀, ìwọ̀n tó pọ̀ fún ẹran apá obìnrin tó ti ń dàgbà. Mo lẹ ìwé pélébé náà mọ́ fáìlì. Ẹ̀rí tó lágbára ni, nítorí pé ẹni tó ṣe oògùn ló sọ ọ́, kì í ṣe àwa.

Síbẹ̀, bí a bá dé kóòtù, ìyẹn nìkan kò ní tó. Lábẹ́ òfin wa, ẹni tó bá fẹ̀sùn kàn ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìtọ́jú òun wà lọ́rùn ilé ìwòsàn náà, pé wọ́n ṣe é ní ọ̀nà tí oníṣègùn tó mọṣẹ́ kò ní gbà ṣe é, àti pé ọ̀nà yẹn gan-an ló fa ìpalára. Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń pa ẹjọ́. Wọ́n lè ní ìtọ̀ súgà ló ba iṣan jẹ́, tàbí pé orí apá ni ìyá sùn lé. Dókítà ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbọ́dọ̀ dìde ní kóòtù láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi sọ ìtàn ẹjọ́ Ojo àti Gharoro fún ẹbí náà. Obìnrin kan ṣe iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin, abẹ́rẹ́ ìránṣọ iṣẹ́ abẹ kán sí i nínú. Ó pe ẹjọ́, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ tó láti fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀: abẹ́rẹ́ ò ní ohun tó ń wá nínú ikùn èèyàn. Ẹjọ́ náà gun òkè títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, lọ́dún 2006 sì ni wọ́n dájọ́ pé kò jàre. Àwọn dókítà ti ṣàlàyé bó ṣe kán, kò sì sí oníṣègùn kan tó wá gbè é lẹ́sẹ̀ pé àìbìkítà ló fà á. Ilé dákẹ́ nígbà tí ọ̀gá mi sọ èyí tán. Bí abẹ́rẹ́ tó wà nínú ikùn kò bá tó ẹ̀rí, kí ni ti ọwọ́ tó rọ̀?

Nítorí náà ni a fi wá oníṣègùn. Àwọn tí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ láàárín ìlú fi sùúrù gbọ́ wa, wọ́n sì ní káwọn máà lọ́wọ́ sí i. N kò lè bú wọn. Wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n jọ ń fi aláìsàn ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tó gbà nígbẹ̀yìn wà ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti fi iná díẹ̀díẹ̀ yẹ iṣan náà wò. Èsì àyẹ̀wò sọ ibi tí iṣan ti bàjẹ́ gan-an: àárín apá, lẹ́yìn. Ibi tí ìyá ti nàka sí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni.

Ọ̀nà mìíràn wà, ẹbí sì béèrè rẹ̀. Wọ́n lè kọ ìwé ẹ̀sùn pẹ̀lú ìbúra ránṣẹ́ sí MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà. Àjọ náà ní ìgbìmọ̀ tó ń wádìí, ó sì ní ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó lè bá dókítà wí, tó lè dá a dúró fún oṣù mẹ́fà, tó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé pátápátá. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó fara pa. Ọ̀gá mi wá kọjú sí ìyá. Ó ní, "Màmá, kí lẹ̀yin fúnra yín ń fẹ́?" Ìyá ní, "Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi dìde. Bí kò bá ní í dìde, mo fẹ́ ohun tí mo máa jẹ. Ọmọ yẹn, ọmọ ẹlẹ́ni ni, ẹ má ba ayé ẹ̀ jẹ́." Láti ọjọ́ náà la ti mọ ibi tí à ń lọ.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta dé lẹ́yìn lẹ́tà kejì. Ilé ìwòsàn náà ní inṣọ́ránsì. Òfin tó dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀ lọ́dún 1999, èyí tí òfin ọdún 2022 ti rọ́pò, ti ní, ní abala 45, kí gbogbo ilé ìwòsàn tó bá wà lábẹ́ ètò náà gba ìwé adójútòfò tó ń dáhùn fún àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ ìṣègùn. NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, kà á mọ́ àwọn inṣọ́ránsì tó jẹ́ dandan, bíi ti ọkọ̀ ojú pópó. Gbogbo wa la mọ ti ọkọ̀ nítorí pé ọlọ́pàá ń béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ta ló ń béèrè ti ilé ìwòsàn?

Inú ìwé inṣọ́ránsì náà la ti rí ìdí tí dókítà fi ń sá. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó kà á léèwọ̀ fún un láti gbà pé òun jẹ̀bi, tàbí láti ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni, láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ adójútòfò fọwọ́ sí i. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ní àwọn kò san mọ́. Lọ́jọ́ tó fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó wọn létí ni wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó pa ẹnu mọ́. Ẹbí kò mọ̀, òun náà kò sì lè ṣàlàyé. Lójú mi, ibí yìí ni òfin wa burú sí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Oníṣègùn tó fẹ́ ṣe ojúṣe ọmọlúàbí, kó wá kí èèyàn, kó ní kí wọ́n má bínú, ìwé tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ ló dí i lẹ́nu. Láàárín Yorùbá, ẹ̀bẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìparí ìjà. Ó yẹ kí òfin sọ ọ́ kedere pé "ẹ má bínú" kì í ṣe ẹ̀rí ìjẹ̀bi, àti pé kò lè ba inṣọ́ránsì ẹnikẹ́ni jẹ́.

Nǹkan kan tún wà tó ń da àwọn èèyàn láàmú. Ọkọ ìyá ní, "Ṣebí a ní inṣọ́ránsì ìlera, kí ló dé tí kò san án?" Òtítọ́ ni. Láti ọdún 2022 tí Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí òfin NHIA, àjọ tó ń ṣàkóso adójútòfò ìlera, adójútòfò ìlera ti di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà sì ní ètò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú àìsàn ni ìyẹn ń san. Kì í san owó ọjà tí ìyá kò lè tà, kì í san owó ẹni tí yóò máa bá a fún aṣọ, kì í san owó ìrora. Inṣọ́ránsì ti dókítà ló ń dáhùn fún ìyẹn, aláìsàn kì í sì í rí ìwé rẹ̀ títí tí nǹkan á fi bàjẹ́.

Iléeṣẹ́ adójútòfò kọ́kọ́ kọ̀. Ọmọbìnrin tó gún abẹ́rẹ́ kò ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Kò lọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, inú ilé ìwòsàn náà ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́, irú àwọn tí a ń pè ní auxiliary. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni ìwé àwọn ń dáhùn fún. Ọ̀gá mi dá wọn lóhùn pé ẹ̀sùn wa kò mọ lórí ọmọ náà. Dókítà tó forúkọ sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wọn, ló kọ abẹ́rẹ́ tí kò kọ ibi tí wọ́n máa gún un sí, tó sì fi í lé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Àìbìkítà ti dókítà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Àti pé lábẹ́ òfin, ọ̀gá ló ń dáhùn fún ohun tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́tà lọ, lẹ́tà bọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbà láti jókòó, wọ́n rán ẹni tó máa ń díye lé òfò wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọkùnrin náà níwà. Ó wo ìkòkò aró, ó wo ọwọ́, ó sì béèrè pé, "Mà, èló lẹ máa ń pa lóṣù?" Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń pàdánù. Kò sí ìwé owó oṣù, kò sí ìwé báńkì tó dúró déédéé. Ìyá wọ yàrá, ó mú káàdì alájọ jáde. Ojoojúmọ́ ló ń dá àjọ, alájọ sì ń fàmì sí i. Àmì náà tò lọ bẹẹrẹ láti oṣù kìíní, àyàfi ọjọ́ Jímọ́ mélòó kan. Ó dé ọjọ́ tí wọ́n gún un, ó dúró. Ojú káàdì funfun láti ibẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà mú un dání, ó wò ó títí, ó ya fọ́tò rẹ̀, kò sì tún béèrè nǹkan kan mọ́ lórí owó tó ń wọlé. A fi ìwé ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ oníbàárà sí kún un. Mo ń bẹ gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ń ka èyí: ẹ tọ́jú káàdì àjọ yín, bí ọdún bá tilẹ̀ ti parí.

A fọwọ́ sí àdéhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Iléeṣẹ́ adójútòfò san apá kan lẹ́ẹ̀kan náà: gbogbo owó ìtọ́jú àti ọkọ̀ tó ní rìsíìtì, owó ọjà tó ti lọ, àti owó gbà-má-bínú fún ìrora. Ilé ìwòsàn gba apá kejì sọ́rùn, láti máa san án díẹ̀díẹ̀: owó oníṣẹ́ tí yóò máa bá ìyá fún aṣọ fún ọdún méjì, àti owó iṣẹ́ abẹ bí ó bá di dandan. Iye owó náà, àdéhùn ní ká má dárúkọ rẹ̀. Ìyá fara mọ́ ọn, n kò sì ní í rú u. Ṣùgbọ́n irú bíbò yìí ń pa àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lára. Aláró mìíràn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní mọ ohun tó yẹ kó béèrè, nítorí pé kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i kà.

Àwọn dókítà kan sọ fún wa pé bí a bá ń bá a lọ báyìí, ọ̀rọ̀ yóò di ti Amẹ́ríkà, inṣọ́ránsì yóò wọ́n, ilé ìwòsàn á sì máa kógbá wọlé. Mo mọ ìbẹ̀rù wọn. Ìpínlẹ̀ California bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1975, wọ́n sì ṣòfin pé owó ìrora kò gbọdọ̀ ju 250,000 dọ́là lọ. Iye yẹn kò kúrò lójú kan títí wọ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n gbé e sí 350,000 fún ẹni tó wà láàyè, tí yóò sì máa gòkè lọ́dọọdún. Láàárín ọdún tó lé ní ogójì, owó náà ń joro lọ́wọ́ àwọn tó fara pa. Fífi òté lé owó kọ́ ni mo fẹ́. Ohun tí àwọn New Zealand ṣe ló wù mí. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ní àpò kan tó ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa, tí wọ́n sì ń san án láìdúró de ẹ̀rí pé ẹnì kan jẹ̀bi. Ìyẹn ní kí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà máa bá ẹni tí kò mọṣẹ́ wí lọ́tọ̀, kí ọwọ́ aláìsàn sì máa gba ìtọ́jú lọ́tọ̀. Sweden náà ní irú inṣọ́ránsì aláìsàn bẹ́ẹ̀, òfin sì sọ ọ́ di dandan láti ọdún 1997.

A kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ṣí díẹ̀. Ní 2025, lẹ́yìn àdéhùn wa, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó tún iṣẹ́ adójútòfò ṣe, tó fagi lé òfin ọdún 2003, tó sì ní kí iléeṣẹ́ adójútòfò tí kì í ṣe ti ẹ̀mí ní owó ìdókòwò tó tó bílíọ̀nù náírà 15. Owó ńlá nílé adójútòfò dára. Ohun tí mo ń wá kéré ju ìyẹn lọ: kí ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe tún ìwé àṣẹ ilé ìwòsàn kankan ṣe láìrí ìwé inṣọ́ránsì àṣìṣe tí kò tíì kú; kí wọ́n lẹ orúkọ iléeṣẹ́ náà mọ́ ibi tí aláìsàn ti ń gba káàdì; kí iléeṣẹ́ náà sì máa san owó físíò láti oṣù kìíní, nígbà tí àríyànjiyàn ṣì ń lọ, kó tó di pé oríkèé gan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí pọ̀ jù, kó lọ béèrè owó físíò oṣù mẹ́fà. Ọmọbìnrin ìyá ló yá a lọ́wọ́ kọ́ọ́pù àwọn tíṣà.

Ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà. Ó ń dìde báyìí dé ìwọ̀n tó lè gbé búútà, ìka sì ń là, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ṣì rọ̀, kò sì lágbára láti lọ́ aṣọ tútù. Dókítà ní Ìbàdàn ní kí wọ́n ṣì dúró ná kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ìyá ń fi ọwọ́ òsì ya ẹ̀kọ sára aṣọ pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ, ọmọkùnrin méjì sì ń bá a fún un. Ilé ìwòsàn ti san owó tó yẹ kó san títí di oṣù tó kọjá. Àríyànjiyàn lórí ọmọ tí kò ní nọ́ńbà ṣì ń lọ láàárín ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ adójútòfò, pé ta ni yóò dá owó padà fún ta ni. A ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ibikíbi tí ìyẹn bá já sí, kò gbọdọ̀ dá owó ìyá dúró.